Tòmátì Kúkúrú Yẹ ní Ẹ̀yìnkùlé Gbogbo Àgbẹ̀



Ata, àlùbọ́sà àti tòmátì ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ wa, yálà èyí tí a fi ń jẹ iyán, èyí tí a fi ń jẹ àmàlà, tàbí èyí tí a ń bù sí orí ìrẹsì. Síbẹ̀, bí a bá lọ sí ọjà abúlé wa ní ọjọ́ ọjà, a ó rí ohun kan níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó kọ olúkúlùkù wa lóminú. Àgbẹ̀ tí ó ru ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu wá sí ọjà láti tà, òun náà ni ó tún ń fi lára owó náà ra tòmátì lọ sí ilé. Tòmátì náà kì í sì í ṣe èyí tí a gbìn sí ìtòsí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ti kó láti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti Jígáwá, tí ó ti rin nǹkan bíi kìlómítà 1,000 nínú ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó dé iwájú alátà.

Èmi kò sọ pé ó burú kí a máa ra ohun tí àwọn ará Àríwá gbìn. Wọ́n ní oòrùn tí ó pọ̀ tó, wọ́n ní odò tí a sé fún omi ọ̀gbìn, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dájúdájú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò tọ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ ilé àgbẹ̀ máa gbójú lé ọkọ̀ akẹ́rù nìkan. Nítorí náà, èrò tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ilé àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbin tòmátì kúkúrú sínú garawa tàbí àpò ní ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe fún títà, bí kò ṣe fún jíjẹ, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì máa tọ́jú irúgbìn rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní Àríwá. Àfòpiná kékeré ni. Ìdin rẹ̀ ni ó máa ń gbẹ́ inú ewé àti inú èso títí ohun gbogbo yóò fi bàjẹ́. Ọ̀ràn náà le débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde rẹ̀ ní oṣù Méè ọdún náà gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì. Kì í ṣe oko Kàdúná nìkan ni ìyà náà dé; ó dé ìdáná Ìbàdàn, Oṣogbo àti Èkó pẹ̀lú, nítorí owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì fò sókè ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé lè san lọ.

Bákan náà, ní ìparí oṣù Fẹ́búárì 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá àwọn ọkọ̀ oúnjẹ tí ń bọ̀ láti Àríwá dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, tòmátì di ọ̀wọ́n ní ọjà wa.

Ṣùgbọ́n kí irú nǹkan wọ̀nyí tó ṣẹlẹ̀ rárá, ọ̀wọ́n kan wà tí ó máa ń dé lọ́dọọdún. Tòmátì tí a fi omi rin ní Àríwá máa ń pọ̀ láti oṣù Jánúárì dé nǹkan bí oṣù Épírì. Bí ìyẹn bá ti tán, tí èyí tí a fi òjò gbìn kò sì tíì pọ́n, owó a bẹ̀rẹ̀ sí í gun láti Méè wọ Júláì. Àkókò yìí gan-an ni ó yẹ kí a fi ọgbọ́n dí. Kò pọn dandan kí a gbin gbogbo tòmátì tí a ó jẹ ní oṣù méjìlá. Bí a bá lè fi ọwọ́ ara wa dí oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí ó nira jù lọ, a ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

IRÚ TÒMÁTÌ TÍ A Ń SỌ

Kí a má ba à ṣi ara wa gbọ́, ẹ jẹ́ kí n pín tòmátì sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkínní ni èyí tí ń dàgbà lọ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá ṣì wà. Irú èyí a máa ga ju ènìyàn lọ, ó sì ń fẹ́ igi gígùn tí a ó fi gbé e ró.

Èkejì ni èyí tí ń dá ìdàgbàsókè ara rẹ̀ dúró. Bí ó bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a yọ òdòdó, kò sì ní í gùn mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìwà yìí ní ọdún 1914. Láti ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú ọ̀pọ̀ irú tòmátì jáde, lára wọn ni Roma, tí òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà mú jáde ní ọdún 1955, àti UC 82 tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta ni aràrá tòtọ́. Igi rẹ̀ nípọn, ewé rẹ̀ dúdú, ó sì ki pọ̀ mọ́ra. Tiny Tim, tí a mú jáde ní Yunifásítì New Hampshire ní ọdún 1945, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Micro-Tom, tí ó jáde ní Florida ní ọdún 1989, kò sábà ga ju ínṣì 8 lọ, èso rẹ̀ kò sì tóbi ju ìyeyè lọ.

Fún ilé àgbẹ̀ wa, irú kejì ni mo yàn ṣíwájú, nítorí pé Roma VF àti UC 82 wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà irúgbìn, ẹran ara wọn nípọn, wọn kò sì lómi púpọ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí aràrá tòtọ́ lè gbìn ín sínú abọ́ kékeré fún ìdùnnú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Roma ni yóò kún ìkòkò.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ GAN-AN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé a ń yin tòmátì kúkúrú nítorí pé ó ń so ju gíga lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tòmátì gíga tí a tọ́jú dáadáa lè so jù ú lọ. Tòmátì ìbílẹ̀ wa náà, èyí tí èso rẹ̀ kéré tí ó sì kan díẹ̀, ń fara da òjò ju Roma lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lé e kúrò ní oko. Àǹfààní tòmátì kúkúrú ni pé ó jẹ́ kí àgbẹ̀ lè yan ilẹ̀ tí yóò gbìn ín sí, kí ó sì yan ibi tí òjò kò ti ní í pa á.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ilẹ̀ ti rí. Àgbẹ̀ tí ó ti gbin tòmátì rí mọ̀ pé igi tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní òwúrọ̀ lè rọ ní ọ̀sán láìjẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kí ó sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan a sọ pé ẹni ibi ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ẹni ibi. Kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń gbé inú ilẹ̀, tí ó ń gba gbòǹgbò wọlé, tí ó sì ń dí ọ̀nà omi nínú igi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ gé igi tí ó rọ náà nítòsí ilẹ̀, kí ẹ sì ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tí ó mọ́ gaara. Bí ohun funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀ bí òwú, àrùn náà nìyẹn. Kò sí oògùn tí a lè fín sí i tí yóò jí. VF tí a kọ mọ́ orúkọ Roma kò sì kan àrùn yìí. Àrùn méjì mìíràn tí ń mú tòmátì rọ ni lẹ́tà méjèèjì náà ń tọ́ka sí.

Àrùn yìí kì í mú tòmátì nìkan. Ó ń mú ata, ó ń mú ìgbá, ó sì lè gbé ara ọ̀dú. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wa ni a ti ń gbin ata, ìgbá àti ọ̀dú láti ayé àwọn baba wa, kò yani lẹ́nu pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gba tòmátì. Tòmátì gíga ń fẹ́ ilẹ̀ púpọ̀, a kò sì lè pààrọ̀ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n tòmátì kúkúrú yóò gbé inú garawa kan, ilẹ̀ garawa kan kò sì ṣòro láti yàn, láti wẹ̀ mọ́, àti láti dà nù bí ó bá bàjẹ́.

Ọ̀ràn òjò náà kò yàtọ̀. Bí òjò bá ń lu ilẹ̀, ẹrẹ̀ a máa ta sí ewé ìsàlẹ̀, àrùn ewé a sì gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí igi yóò fi wú ewé kúrò lára. A kò lè gbé oko sá fún òjò, ṣùgbọ́n a lè gbé garawa sí abẹ́ etí òrùlé.

BÍ A Ó TI ṢE É

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì, ẹ bu ilẹ̀dú láti ibi tí a kò ti gbin ata, ìgbá, ọ̀dú tàbí tòmátì rí. Ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà pátápátá kún un, ìdá kan sí ìdá méjì ilẹ̀dú, kí ẹ sì fi yanrìn díẹ̀ sí i bí ó bá le. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tẹ́ ẹ sí orí ilẹ̀ líle kí ó nípọn tó ínṣì 6, kí ẹ sì fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn pa á fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Oòrùn náà yóò dín àrùn àti aràn tín-ín-tín tí ń mú gbòǹgbò ta kókó kù.

Díẹ̀ tí ẹ ó fi tọ́jú èhù ni kí ẹ yan lórí iná nínú ìkòkò irin. Ẹ ri ọ̀dùnkún kékeré kan sínú erùpẹ̀ tútù náà. Nígbà tí ọ̀dùnkún bá jinná, iná ti tó. Bí ó bá tutù tán, ẹ gbin irúgbìn sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Fẹ́búárì. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, èhù yóò ti tó tún gbìn.

Garawa ọ̀dà tí ó gba lítà 15 sí 20 dára púpọ̀, àpò ìrẹsì tí a ká etí rẹ̀ sílẹ̀ náà dára. Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹ má ṣe lo ohun tí a ti fi gbé oògùn apakòkòrò rí láé. Igi kan ṣoṣo ni kí ẹ gbìn sínú garawa kan, kí ẹ sì rì í wọlẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, nítorí pé ara igi tí ó wọlẹ̀ yóò ta gbòǹgbò.

Ẹ máa bomi sí ìdí rẹ̀ ní òwúrọ̀, kì í ṣe sí orí ewé. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ wúlò fún un; omi ọṣẹ kò dára. Bí a bá ń bomi lónìí tí a sì gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdí èso Roma a di dúdú, a sì jẹrà. Kì í ṣe kòkòrò ni ó fà á. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ garawa kí omi má ba à tètè gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ tòmátì gíga, ẹ fi etí sí èyí: ẹ má ṣe já ẹ̀ka kéékèèké tí ń yọ láàárín ewé àti igi. Lára tòmátì gíga, a lè já wọn. Lára kúkúrú, àwọn gan-an ni yóò so èso. Ẹni tí ó bá já wọn ti já ọbẹ̀ ara rẹ̀ dà nù.

Ibi tí oòrùn ti ń ràn tó wákàtí 6 lójúmọ́ ni kí ẹ gbé e sí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sún un sí etí òrùlé ní ìhà tí oòrùn ń kàn, lórí pèpéle ọparun, kí adìẹ àti ewúrẹ́ má ba à rí i jẹ. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà funfun tí ìdin gbẹ́ sí inú ewé, ẹ já ewé náà kí ẹ sì sun ún. Omi ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fín, nítorí pé ohun tí ń bẹ lẹ́bàá ìdáná kò yẹ ní olóró.

Láti àárín oṣù Méè ni èso yóò máa pọ́n. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, lẹ́yìn náà igi yóò parí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pín garawa yín sí méjì, kí ìdajì kejì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 3. Nígbà tí ó bá tán, ẹ fa igi náà tu, kí ẹ sì fi ilẹ̀ garawa gbin ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀, kì í ṣe ata.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Ẹnìkan yóò wí pé, "Kí ni garawa mẹ́wàá lè ṣe?" Òótọ́ ni pé kò yẹ kí a retí púpọ̀ ju kílò 1 tàbí díẹ̀ lé e lọ láti ara igi kan. Ṣùgbọ́n kílò mẹ́wàá láàárín oṣù ọ̀wọ́n kì í ṣe ohun àfojúdi fún ilé tí ó ń fi owó ẹ̀gẹ́ rà á. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé iṣẹ́ obìnrin ni, kò yẹ fún àgbẹ̀ tí ó ní éékà 5. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò pé èrò yìí ń pa wá lára. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ni ó ń wá owó ata láti inú òwò rẹ̀ kékeré. Bí tòmátì bá wọ́n, owó òwò ni ó ń jẹ, kì í ṣe owó kòkó. Àgbẹ̀ tí ó bá pọn omi sí garawa mẹ́wàá ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ sí oko ti ran òwò aya rẹ̀ lọ́wọ́ ju bí ó ti rò lọ. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú kò gbọdọ̀ máa ka éékà àti tọ́ọ̀nù nìkan, kí a sì fojú fo ohun tí kò dé ọjà rárá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

IṢẸ́ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Bí olúkúlùkù bá ní láti máa ra irúgbìn lọ́dọọdún, ètò yìí kò ní í pẹ́. Roma àti UC 82 kì í ṣe irúgbìn àdàlù. Akọ àti abo wà nínú òdòdó tòmátì kan náà, òdòdó náà a sì máa so fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ a jọ ìyá. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí a kọ F1 sí ara páálí rẹ̀ jẹ́ àdàlù: bí a bá tún hóró rẹ̀ gbìn, oríṣiríṣi ni yóò hù. Bákan náà ni a kò mọ ìran tòmátì tí a rà lọ́jà.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ọwọ́ wọn mọ́ láti jẹ́ olùtọ́jú irúgbìn. Kí wọ́n mú èso tí ó pọ́n dáadáa láti ara igi tí ó dára jù lọ tí àrùn kò kàn. Kí wọ́n fún hóró àti omi rẹ̀ sínú abọ́, kí ó kan fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí wọ́n ṣàn án mọ́, kí wọ́n sì sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ táútáú. Bí wọ́n bá pa á mọ́ sínú ìgò gbígbẹ tí a dé pinpin, tí a kọ orúkọ àti ọdún sí lára, ní ibi tí kò gbóná, ó lè hù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nìkan ni èyí. Ní nǹkan bí ọdún 2006, Craig LeHoullier ní Amẹ́ríkà àti Patrina Nuske-Small ní Ọsirélíà kó àwọn olùtọ́jú ọgbà ilé jọ láti fi tòmátì aràrá dà pọ̀ mọ́ àwọn gíga tí ó dùn. Nígbà tí ó bá jẹ́ òtútù ní ìhà kan ayé, ìhà kejì ń gbìn, irúgbìn sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Irú tòmátì kúkúrú tí ó ti ọgbà wọn jáde títí di ìsinsìnyí lé ní 100. Ènìyàn bí tiwa ni wọ́n, inú garawa àti abọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ tí ó ń pa àkọsílẹ̀ owó mọ́ láìṣìnà lè pa àkọsílẹ̀ irúgbìn mọ́ pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí a ń pè ní NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà fún irú ìbéèrè báyìí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín má ṣe lọ́ra láti lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ní ìpàdé tí ẹ ó ṣe kí ọdún tó parí, ẹ fi ọ̀ràn yìí sí ìwé ètò. Ẹ yan olùtọ́jú irúgbìn mẹ́ta. Ẹ ra páálí Roma VF kan tàbí UC 82 kan lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì pín èhù rẹ̀ fún ilé mẹ́wàá àkọ́kọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa wọn ohun tí ó ká, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí ì bá fi rà á ní ọjọ́ náà. Ní ìparí oṣù Júláì, ẹ ka ìṣirò náà sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí èrè kò bá sí níbẹ̀, ẹ jáwọ́, ẹ kò pàdánù ju ilẹ̀ garawa mélòó kan lọ. Bí èrè bá wà, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ gba hóró ogún lọ sí ilé, kí ó sì múra sílẹ̀ de Jánúárì.